Bí Òbí Ṣe Lè Gba Ìrànlọ́wọ́ Àkànṣe fún Ọmọ Rẹ̀ ní Ilé-Ìwé Aládàáni ní Ìwọ̀-Oòrùn Kògí

Ọmọkùnrin mi kẹta tún kíláàsì kejì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni tó wo etí rẹ̀. Ilé-ìwé aládàáni kan ní agbègbè Ìjùmú ni ó wà nígbà náà, a sì ń san owó ilé-ìwé rẹ̀ déédéé. Ohun tí wọ́n máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ káàdì èsì ìdánwò rẹ̀ ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan ni pé kì í fetí sílẹ̀, pé eré ló ń ṣe nínú kíláàsì, pé kí a bá a wí. A sì bá a wí. Ìgbà tí a gbé e dé Ìlọrin ni oníṣègùn etí fi hàn wá pé awọ ìlù etí rẹ̀ ọ̀tún ti lu, àti pé etí òsì pàápàá kò gbọ́ràn tó bí ó ti yẹ. Mo rántí gbogbo ẹgba tí ọmọ náà ti jẹ nítorí ohun tí kò gbọ́, omi sì bọ́ lójú mi níwájú oníṣègùn náà.

Ohun tí mo kọ́ láti ọjọ́ náà ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níhìn-ín fún àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní ilé-ìwé aládàáni, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣàkíyèsí pé ẹ̀kọ́ kò wọ ọmọ náà lọ́kàn bí ó ti ń wọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí òbí má ṣe retí pé ọ́fíìsì kan wà tí yóò kàn sí òun láti sọ irú ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ òun nílò. Ní ilé-ìwé aládàáni, òbí ni ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, òun ni yóò sì máa tì í lọ síwájú. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn olùdásílẹ̀ ilé-ìwé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé olùkọ́ kan lè ní ọgbọ̀n ọmọ níwájú, láìsí ẹni tí ó kọ́ ọ ní bí a ti ń kọ́ ọmọ tí kò gbọ́ràn tàbí ọmọ tí lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ lójú. Òbí tí ó bá gbé ẹ̀dùn ọkàn nìkan lọ bá wọn yóò gba ìtùnú. Èyí tí ó bá mú ìwé oníṣègùn lọ́wọ́, tí ó sì dárúkọ ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin pàtó tí ó fẹ́ kí wọ́n ṣe, ni yóò rí nǹkan gbà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ kọ ohun tí ẹ ń rí sílẹ̀

Ẹ ra ìwé àjákọ kan, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀ fún ọmọ yìí nìkan. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá rí pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ rí i. Ẹ má ṣe kọ pé ọmọ náà ya ọ̀lẹ tàbí pé orí rẹ̀ kú, nítorí ìdájọ́ nìyẹn. Ohun tí ojú rí ni kí ẹ kọ. Ẹ lè kọ pé: «Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta láti ẹ̀yìn, kò dáhùn, nígbà tí mo dúró níwájú rẹ̀, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan.» Tàbí pé: «Ó ka ojú ìwé kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ojú ìwé kejì sí i létí, ó sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún mi.» Gbólóhùn méjì wọ̀nyí kò tọ́ka sí ìṣòro kan náà, oníṣègùn tàbí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ yóò sì mọ ibi tí ó yẹ kí òun ti bẹ̀rẹ̀ tí ó bá kà wọ́n.

Ẹ bi ìyá àgbà tàbí ẹni tí ó wà níbi ìbí ọmọ náà léèrè bí ó ti bẹ̀rẹ̀ ayé. Ṣé ó ké nígbà tí wọ́n bí i? Ṣé ẹyinjú àti ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn àìsàn tí wọ́n ń pè ní jọ́ńdíìsì? Ṣé gìrì mú un rí? Ṣé ó ṣe àìsàn yírunyírun tàbí ìgbóná èéyi? Ọjọ́ orí wo ni ó jókòó, ìgbà wo ni ó rìn, ìgbà wo ni ó sọ̀rọ̀? Jọ́ńdíìsì tí ó le àti àìsàn yírunyírun lè ba etí tàbí ọpọlọ jẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe fi wọ́n pamọ́ nítorí ìtìjú.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwa tí a ń sọ èdè Ọ̀kún nílé kíyè sí gidigidi. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé aládàáni wa kì í sọ ohun mìíràn sí ọmọ ju èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọmọ tí ó dàgbà lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní abúlé kan ní Bùnú, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá sí Kàbà ní sáà méjì sẹ́yìn, lè dákẹ́ nínú kíláàsì nítorí pé èdè náà kò tíì yé e. Ìyẹn kì í ṣe àìpé. Ẹ fi ẹ̀ka èdè tí ó gbọ́ jù lọ pa àlọ́ kúkúrú kan fún un, ìbáà jẹ́ Owé, Yàgbà, Ìjùmú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀, kí ẹ sì ní kí ó tún un pa fún yín. Bí ó bá tún un pa létòlétò, tí ó dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀, tí ó sì lè ka owó ọjà bó ti yẹ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àkókò àti olùkọ́ onísùúrù ni ó nílò. Bí ó bá jẹ́ pé bí ó ti ń ṣòro fún un ní Gẹ̀ẹ́sì náà ni ó ń ṣòro fún un ní èdè ìyá rẹ̀, ẹ má ṣe dúró mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Etí àti ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Kí ẹnikẹ́ni tó pe ọmọ yín ní olódo, kí ẹ̀yin náà tó sanwó fún ẹ̀kọ́ àfikún ìrọ̀lẹ́, ẹ yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àyẹ̀wò méjèèjì yìí ni ó rọrùn jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ níhìn-ín, òun sì ni ọ̀pọ̀ wa máa ń fi sí ìkẹyìn.

Ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún léraléra kì í sábà di adití pátápátá. Ó ń gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ní ààbọ̀. Ó lè gbọ́ ìlù, kí ó gbọ́ ìró ọkọ̀, kí ó sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá pariwo, síbẹ̀ kí ó má lè fi ìyàtọ̀ sí àárín ọ̀rọ̀ méjì tí ó jọra nígbà tí olùkọ́ bá kọjú sí pátákó tí ó ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí òbí fi máa ń jiyàn pé ọmọ òun ń gbọ́ràn. Èmi náà jiyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe ro epo gbígbóná, kẹrosíìnì tàbí àgbo sí i létí, nítorí bí awọ ìlù etí bá ti lu, ohunkóhun tí ẹ bá dà síbẹ̀ yóò wọ inú lọ. Ẹ má sì ṣe ra abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn fún un láìjẹ́ pé oníṣègùn ni ó kọ ọ́, nítorí oògùn náà wà lára àwọn tí ó lè ba etí jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé-ìwòsàn tí ó bá súnmọ́ yín. Àwọn tí ó wà ní apá Yàgbà lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ìwòsàn ìjọ ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti wò ó bóyá ìdọ̀tí ni ó dí etí náà tàbí àrùn ni, wọn yóò sì lè kọ ìwé tí ẹ máa mú lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá. Fún àyẹ̀wò ìgbọ́ràn gan-an, níbi tí wọ́n ti máa ń fi ẹ̀rọ sí ọmọ létí tí wọ́n sì máa ń ní kí ó na ọwọ́ nígbà tí ó bá gbọ́ ìró, ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìlọrin ni àwa lọ. Ọ̀nà tí ó gba Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ kọjá ni yóò gbé yín débẹ̀. Àwọn tí ó wà ní apá Kàbà lè ṣírò bóyá ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì tàbí èyí tí ó wà ní Lọ́kọ́ja ni yóò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ wá ẹni tí yóò bá yín bèèrè ọjọ́ tí àwọn oníṣègùn etí máa ń gba aláìsàn kí ẹ tó wọ ọkọ̀, kí owó ọkọ̀ yín má baà ṣòfò.

Ti ojú kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ọmọ bá ń dìde lọ súnmọ́ pátákó, tí ó ń fún ojú pọ̀, tí ó ń ṣe àdàkọ láti inú ìwé ọmọ tí ó jókòó tì í, tàbí tí orí máa ń fọ́ ọ lẹ́yìn ìwé kíkà, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Àwọn ọmọ kan wà tí awò ojú nìkan ni gbogbo ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n nílò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá ẹni tí yóò sọ ohun tí ọmọ náà nílò gan-an

Bí etí bá dá, tí ojú sì dá, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ọmọ kan lè ní ìṣòro ìwé kíkà tí a ń pè ní dyslexia, níbi tí ọpọlọ rẹ̀ yè kooro ṣùgbọ́n tí lẹ́tà àti ìró rẹ̀ kò bá ara wọn mu fún un. Òmíràn lè ní ọ́tísìmù, ìyẹn ipò ọpọlọ tí ó máa ń mú kí ìbánisọ̀rọ̀ àti ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn ṣòro fún ọmọ. Òmíràn lè máa wo ọ̀ọ́kán fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, tí olùkọ́ yóò rò pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé irú wárápá kan ni, èyí tí kì í gbé ènìyàn ṣubú. Ọmọ tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde lè gbọ́n ju gbogbo kíláàsì lọ, kí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí kò wá sí ilé-ìwé ni ó ń fà á sẹ́yìn.

Oníṣègùn àwọn ọmọdé ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, òun ni yóò sì darí yín. Ní ti ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tí ó ń kọ́ni nípa ẹ̀kọ́ àkànṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1977. Mo dárúkọ wọn nítorí pé àwọn olùkọ́ tí wọ́n jáde níbẹ̀ ti fọ́n ká, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà ní ìlú yín tí ó ń kọ́ni ní ilé-ìwé ìjọba. Ẹ bèèrè ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ìyá kan tí mo mọ̀ ní Ìsánlú bèèrè bẹ́ẹ̀, ó sì rí olùkọ́ kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tirẹ̀.

Ní gbogbo ibi tí ẹ bá dé, ẹ máa bèèrè fún àbọ̀ tí a kọ sílẹ̀, tí ó ní orúkọ ilé-ìwòsàn, ọjọ́ àti ọwọ́ oníṣègùn. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ ohun tí ó yẹ kí ilé-ìwé ṣe sínú rẹ̀, yàtọ̀ sí orúkọ àìsàn. Ìwé tí ó sọ pé «ọmọ yìí kò gbọ́ràn dáadáa ní etí ọ̀tún, kí ó máa jókòó ní iwájú ní apá ọ̀tún kíláàsì kí etí òsì rẹ̀ lè kọjú sí olùkọ́» wúlò fún olùkọ́ ju ìwé tí ó kún fún èdè ìṣègùn lọ.

Àwọn ẹbí yóò sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn yóò ní iṣẹ́ ayé ni, ẹlòmíràn yóò ní kí ẹ gbé ọmọ náà lọ sí orí òkè fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Onígbàgbọ́ ni mí, mo sì gbàdúrà lórí ọmọ mi lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí àdúrà gba ọjọ́ tí oníṣègùn dá fún wa. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí a lu ọmọ náà tàbí kí a febi pa á láti lé nǹkan jáde lára rẹ̀, ẹ mú ọmọ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pinnu ohun tí ẹ máa bèèrè

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń kùnà, nítorí pé wọ́n á ní, «Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mójú tó o.» Olùkọ́ yóò gbà tọ̀yàyàtọ̀yàyà, kò sì ní sí ohun tí yóò yí padà, nítorí pé kò mọ ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe. Ẹ bèèrè ohun tí ojú lè rí, tí ènìyàn lè sọ ní ọjọ́ Ẹtì pé a ṣe é tàbí a kò ṣe é.

Fún ọmọ tí kò gbọ́ràn tó, ẹ lè bèèrè pé kí ó máa jókòó ní iwájú, jìnnà sí fèrèsé tí ó kọjú sí títì àti sí ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Pé kí olùkọ́ máa kọjú sí kíláàsì nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀. Àti pé kí iṣẹ́ àmúrelé máa wà lójú pátákó, kí ó má jẹ́ àfẹnusọ nìkan. Ẹ rántí òrùlé páànù. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lórí rẹ̀, ọmọ tí etí rẹ̀ pé kò gbọ́ olùkọ́, kí a má tilẹ̀ tíì sọ ti èyí tí etí rẹ̀ kò pé. A bẹ olùkọ́ ọmọ mi pé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kí ó máa kọ ohun tí ó bá fẹ́ sọ, ó sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé gbogbo kíláàsì ni ó jàǹfààní rẹ̀.

Fún ọmọ tí ìwé kíkà ṣòro fún, kí wọ́n dín àdàkọ láti ojú pátákó kù, kí wọ́n máa ka ìbéèrè ìdánwò sí i létí, kí wọ́n jẹ́ kí ó fi ẹnu dáhùn díẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún àkókò ìdánwò rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe pè é jáde láti kàwé sókè níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti múra sílẹ̀ ní alẹ́ àná.

Ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ lè mu omi kí ó sì lọ tọ̀ láìgba ẹgba, kí a yọ ọ́ kúrò nínú gígé oko àti ìdúró pẹ́ nínú òtútù ọyẹ́, kí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan sì máa fi ìwé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí i nígbà tí ara rẹ̀ kò bá yá. Fún ọmọ tí ó ní wárápá, kí gbogbo olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé-ìwé mọ ohun tí wọ́n máa ṣe: kí wọ́n kó ohun líle kúrò lẹ́bàá rẹ̀, kí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ sí abẹ́ orí rẹ̀, kí wọ́n dà á sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n wo aago. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n má sì ṣe rọ ohunkóhun sí i lọ́fun. Bí gìrì náà bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ilé-ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá. Wárápá kì í ran ẹlòmíràn. Kí ẹ sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, nítorí pé ìbẹ̀rù yìí ni kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn fọwọ́ kan ọmọ tí ó ṣubú.

Ohun kan ṣoṣo ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo òbí fi sí iwájú ohun tí wọ́n ń bèèrè, ìyẹn ni pé kí wọ́n má ṣe na ọmọ náà nítorí ohun tí àbọ̀ oníṣègùn ti ṣàlàyé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kọ lẹ́tà kí ẹ tó lọ

Lẹ́tà máa ń wà nínú fáìlì lẹ́yìn tí ọ̀gá ilé-ìwé bá ti yí padà, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í sì í wà níbẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí ilé-ìwé bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n irú ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ nìyí:

«Ẹ̀yin Olùdásílẹ̀ wa ọ̀wọ́n, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ fún ìtọ́jú tí ẹ ń fún ọmọ mi tí ó wà ní kíláàsì kẹta. Ní oṣù tó kọjá, a ṣe àyẹ̀wò fún un ní ilé-ìwòsàn, àbọ̀ rẹ̀ sì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ó fi hàn pé etí rẹ̀ méjèèjì kò gbọ́ràn tó, ìdí sì nìyí tí ó fi dà bí ẹni tí kì í fetí sílẹ̀. Mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí ó máa jókòó ní iwájú, kí olùkọ́ máa kọ iṣẹ́ àmúrelé sí ojú pátákó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe nà án nítorí pé kò dáhùn, kí a sì yan olùkọ́ kan tí mo lè máa bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ní tèmi, n óò rí i pé ó ń lo oògùn rẹ̀, n óò sì máa bá a ṣe àtúnyẹ̀wò ẹ̀kọ́ ní alaalẹ́. Mo ń bèèrè fún ìpàdé pẹ̀lú yín àti olùkọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ń bọ̀.»

Ẹ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pẹ̀lú ọjọ́ tí ó gbà á. Ẹ má ṣe fún wọn ní ojúlówó àbọ̀ oníṣègùn. Ẹ̀dà ni kí ẹ fún wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìpàdé, àdéhùn àti ọ̀rọ̀ owó

Ẹ mú ẹnì kan dání lọ sí ìpàdé náà. Bí ó bá ṣeé ṣe kí bàbá àti ìyá jọ lọ, ó dára, nítorí ọ̀rọ̀ máa ń wúwo sí i létí ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wá olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì láàárín ẹbí yín. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì pọ̀ ní ilẹ̀ wa, wọ́n mọ bí a ti ń bá olórí ilé-ìwé sọ̀rọ̀ láìsí ìjà, ọ̀pọ̀ olùdásílẹ̀ ilé-ìwé sì ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn rí. Ẹ kí wọn bí ó ti yẹ kí a kí ènìyàn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ fún ohun tí ó ti ṣe, kí ẹ sì ka ohun tí ẹ ń bèèrè fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n bá gbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọn kò bá gbà, ẹ kọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀. Ní ìparí ìpàdé, kí gbogbo yín fọwọ́ sí ìwé náà.

Bí ọmọ bá nílò olùrànlọ́wọ́ tí yóò máa jókòó tì í nínú kíláàsì, ọ̀rọ̀ owó yóò wọlé. Ilé-ìwé lè sọ pé òbí ni yóò san owó náà. Ẹ má ṣe fi ìbínú dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kí ẹ tó gbà: ta ni yóò gba ẹni náà síṣẹ́, ọwọ́ ta ni yóò ti máa gba owó oṣù, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí kò bá wá, ṣé ọmọ yín nìkan ni yóò mójú tó tàbí wọn yóò tún fi kíláàsì mìíràn lé e lọ́wọ́? Mo ti rí ibi tí òbí ń san owó olùrànlọ́wọ́, tí olùrànlọ́wọ́ náà sì ń kọ́ kíláàsì kìn-ín-ní ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta bá nílò irú ìrànlọ́wọ́ kan náà, àwọn òbí lè pawọ́ pọ̀ san owó ẹnì kan. Ẹ má sì gbàgbé pé gbogbo ohun tí mo kọ́kọ́ dárúkọ, bí àga iwájú, ojú pátákó àti àfikún àkókò, kì í náni lówó.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ máa padà lọ

Àdéhùn máa ń gbóná ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ó tó di ohun ìgbàgbé. Ẹ máa rí olùkọ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ó bá sọ sínú ìwé àjákọ yẹn. Bí sáà tuntun bá wọlé, ẹ tún àdéhùn náà kà pẹ̀lú wọn, nítorí pé olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni kì í pẹ́ kí ó tó yí padà, ẹni tuntun kò sì mọ nǹkan kan nípa ọmọ yín.

Bí ilé-ìwé bá kọ̀ tàbí tí wọ́n ní kí ẹ mú ọmọ yín lọ

Ẹ bèèrè fún ìdáhùn tí a kọ sílẹ̀. Bí ilé-ìwé náà bá jẹ́ ti ìjọ, ẹ kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó ilé-ìwé ìjọ náà. Lẹ́yìn èyí, ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ni ó kàn, nítorí pé ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń fún ilé-ìwé aládàáni ní ìwé àṣẹ.

Ó dára kí ẹ mọ ohun tí òfin sọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn tí ó ní ìpèníjà ara léèwọ̀ di fífọwọ́sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2018 ni ó wà lórí rẹ̀. Ó sọ pé ẹni tí ó ní ìpèníjà ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìyàsọ́tọ̀, àti sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí ilé-ìwé girama. Ìjìyà tí ó kọ sílẹ̀ fún ìyàsọ́tọ̀ jẹ́ owó ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà fún ilé-iṣẹ́, àti ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà (₦100,000) tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa: nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa níní olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ àti ohun èlò àkànṣe, àwọn ilé-ìwé ìjọba ni ó dárúkọ. Nítorí náà, ohun tí ó lágbára jù lọ́wọ́ yín ní ilé-ìwé aládàáni ni pé wọn kò gbọdọ̀ lé ọmọ tàbí kọ̀ ọ́ nítorí ìpèníjà rẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn tí ẹ̀yin àti wọn ti fọwọ́ sí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 náà wà. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibi tí ó le, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní ọ́fíìsì ní Lọ́kọ́ja, wọn kì í sì í gba owó láti gbọ́ ẹjọ́. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má ṣe dárúkọ òfin ní ìpàdé àkọ́kọ́, nítorí pé olùkọ́ tí ẹ bá fi òfin dẹ́rù bà ní òwúrọ̀ ni yóò wà pẹ̀lú ọmọ yín títí di ọ̀sán.

Ẹ má ṣe ka ilé-ìwé ìjọba sí ohun ìtìjú. Bí olùkọ́ tí ó kọ́ nípa ẹ̀kọ́ àkànṣe bá wà ní ilé-ìwé ìjọba kan nítòsí yín, tí ilé-ìwé aládàáni kò sì fẹ́ ṣe nǹkan kan, mo rò pé olùkọ́ náà dára fún ọmọ yín ju aṣọ ilé-ìwé tí ó rẹwà lọ. Kí ẹ tó mú un kúrò, ẹ gba ìwé ìfinisílẹ̀ àti gbogbo káàdì èsì ìdánwò rẹ̀.

Ṣáájú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB

Àwọn àjọ ìdánwò ní ètò fún àwọn tí ó ní ìpèníjà. Fún àpẹẹrẹ, WAEC máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran ní àkókò tí ó jẹ́ ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ti àwọn yòókù, JAMB náà sì ti ní ìgbìmọ̀ kan láti ọdún 2017 tí ó ń ṣètò ìdánwò fún àwọn afọ́jú. Ìgbà ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ irú nǹkan báyìí sílẹ̀, ilé-ìwé ni ó sì máa ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún WAEC àti NECO. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kejì ilé-ìwé girama àgbà, ẹ mú ẹ̀dà àbọ̀ oníṣègùn lọ bá olùkọ́ tí ó ń bójú tó ìdánwò, kí ẹ bi í léèrè ohun tí àjọ náà ń béèrè fún irú ìpèníjà ọmọ yín. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń forúkọ sílẹ̀ gan-an, ẹ lọ fúnra yín, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí i pé wọ́n kọ ọ́ sí ibi tí ó yẹ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.